Orí Keje: Akéwì, Ikú àti Jígí nínú Fíìmù Jean Cocteau

Ní oṣù kìíní ọdún 1932, wọ́n gbé fíìmù kan jáde fún àwọn òǹwòran ní ilé sinimá Vieux-Colombier ní Párís. Kò gùn tó wákàtí kan. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọwọ̀n èéfín gogoro kan, irú èyí tó máa ń wà ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ń yẹ̀, ó fẹ́ wó. Kó tó wó tán, kámẹ́rà ti fi í sílẹ̀, ó ti wọ yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya àwòrán. Ojú rí nǹkan lẹ́yìn ìyẹn: ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ère tó jí, ọkùnrin tó bẹ́ wọ inú jígí, ọmọdé tó kú sórí yìnyín. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ni ọwọ̀n èéfín yẹn tó wó délẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn fi bí àádọ́ta ìṣẹ́jú jókòó wò, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló fi ṣẹlẹ̀.

Le Sang d'un poète ni orúkọ fíìmù náà, ìyẹn Ẹ̀jẹ̀ Akéwì. Jean Cocteau ló ṣe é, 1930 ló sì yà á. Òun náà ló ṣe Orphée tó jáde ní 1950, àti Le Testament d'Orphée, Ìwé Ìhágún Orpheus, tó jáde ní 1960. Ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, síbẹ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí sinimá kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ẹnì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni náà ni akéwì. Nígbà mìíràn wọ́n pè é ní Orpheus. Nígbà mìíràn Cocteau fúnra rẹ̀ ló jáde sójú àwòrán.

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń bi olùkọ́ lórí irú fíìmù báyìí ni pé, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Cocteau kò fẹ́ràn ìbéèrè yẹn rárá. Ìbéèrè méjì mìíràn wà tó lérè jù ú lọ: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, èwo nínú ayé ẹni tó ṣe é ló sì wà níbẹ̀? Àwọn méjèèjì ni orí yìí máa tẹ̀ lé.

Ìtàn àwọn ará Gíríìsì

Ọmọ ilẹ̀ Thrace, ní àríwá Gíríìsì, ni Orpheus. Calliope, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà obìnrin mẹ́sàn-án tó ni ewì àti orin, ló bí i. Bí ó bá ti fọwọ́ kan dùùrù rẹ̀, ẹranko igbó á dúró jẹ́ẹ́, igi á sún mọ́ ọn, òkúta pàápàá á gbọ́. Ejò bu Eurydice ìyàwó rẹ̀ ṣán lẹ́sẹ̀, ó sì kú. Orpheus kọrin wọ ilẹ̀ àwọn òkú lọ, títí Hades ọba ibẹ̀ àti ayaba Persephone fi ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní kó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kó bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó dé ibi tí oòrùn ti ń ràn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ni ó bojú wẹ̀yìn. Nígbẹ̀yìn, àwọn obìnrin Thrace tó ń bọ Dionysus fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, orí rẹ̀ sì ń kọrin lọ lójú odò Hebrus.

Àwọn akéwì Róòmù méjì, Virgil àti Ovid, ló kọ ọ̀nà tí ayé fi mọ ìtàn yìí jù. Àwọn olórin Yúróòpù náà kò fi í sílẹ̀: Monteverdi sọ ọ́ di opẹ́rà ní 1607, Gluck ṣe tirẹ̀ ní 1762. Ọ̀pọ̀ wọn ló mú un bí ìtàn ọkọ àti aya. Cocteau kò ka ti aya yẹn sí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á mọ́ra ni pé akéwì kan lọ sọ́run, ó sì padà wá, bẹ́ẹ̀ ni ikú kò lè pa orin tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ta ni Cocteau?

Ìdí tí èyí fi fà á mọ́ra kò jìnnà. Wọ́n bí i ní 1889 ní Maisons-Laffitte, létí Párís, sínú ìdílé olówó. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá rẹ̀ yin ara rẹ̀ níbọn lórí ibùsùn, ní 1898. Ní oṣù kejìlá 1923, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa Raymond Radiguet, òǹkọ̀wé ọmọ ogún ọdún tó fẹ́ràn ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà náà. Ìbànújẹ́ yẹn wà lára ohun tó tì í sẹ́nu oògùn olóró ọpíọ̀mù, tó sì gbé e dé ilé ìwòsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní béèrè ìdí tí akéwì inú Le Sang d'un poète fi yin ara rẹ̀ níbọn lẹ́ẹ̀mejì.

Orí ìtàgé ni Orpheus ti kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1926, Georges Pitoëff gbé eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Orphée jáde ní Théâtre des Arts ní Párís. Nínú eré náà, ẹṣin kan ń fi pátákò ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti sọ ewì, áńgẹ́lì kan tó ń jẹ́ Heurtebise sì wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń fi gíláàsì sí fèrèsé. Cocteau máa ń sọ bó ṣe rí orúkọ áńgẹ́lì yìí. Ó ní òun wà nínú lífítì, òun ń lọ sílé Picasso, nígbà tí ohùn kan sọ fún òun pé orúkọ ohùn náà wà lára àwo irin tó wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó rí "Heurtebise". Nígbà tó tún padà dé inú lífítì yẹn lọ́jọ́ mìíràn, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe lífítì náà, Otis-Pifre, ló bá lára àwo. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ lè gbà á gbọ́. Ohun tó dájú ni pé Heurtebise kò fi iṣẹ́ Cocteau sílẹ̀ mọ́: ó di ewì ní 1925, ó di eré, ó sì padà di awakọ̀ nínú fíìmù.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún. Àwọn ìwé kan máa ń ka Cocteau mọ́ ẹgbẹ́ Surrealism, àwọn oníṣẹ́ ọnà tí André Breton kó jọ ní 1924, tí wọ́n ń wá òtítọ́ nínú àlá àti nínú ọ̀rọ̀ tó bá ń ti ẹnu jáde láìrò. Ṣùgbọ́n Breton kò fẹ́ rí Cocteau sójú. Cocteau náà sì ní fíìmù òun kì í ṣe àlá. Bí àlá ṣe ń so nǹkan pọ̀ ni òun yá lò. Ìyàtọ̀ yìí hàn lójú àwòrán. Ohun gbogbo mọ́ kedere nínú fíìmù rẹ̀. Ó máa ń gbé ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ kalẹ̀ gan-an bí ìgbà tí káfíńtà bá gbé àga síwájú oníbàárà.

Ẹ̀jẹ̀ Akéwì

Ọlọ́lá kan, Charles de Noailles, ló sanwó fíìmù àkọ́kọ́. Ní àkókò kan náà ló tún fowó sílẹ̀ fún Luis Buñuel láti ṣe L'Âge d'or. Fíìmù Buñuel ló kọ́kọ́ jáde, wàhálà sì bẹ́. Ní oṣù kejìlá 1930, àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ya wọ ilé sinimá Studio 28, wọ́n da yíǹkì sára aṣọ àwòrán, wọ́n fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, ìjọba sì fòfin de fíìmù náà. Noailles tìjú, ó sì bẹ̀rù. Ìdí nìyí tí fíìmù Cocteau fi sùn sínú àpótí títí di 1932.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro láti gbà gbọ́. Akéwì, tí Enrique Riveros ọmọ ilẹ̀ Chile ṣe, ya ojú ènìyàn sórí aṣọ. Ẹnu àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fi ọwọ́ nù ún kúrò, ẹnu bá lẹ̀ mọ́ ọn ní àtẹ́lẹwọ́. Kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti fi í pa ère kan lójú, ère náà sì jí. Lee Miller, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ padà kàn nídìí iṣẹ́ fọ́tò, ló ṣe ère yẹn. Ère ní kó wọ inú jígí lọ. Lẹ́yìn jígí ni hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tí akéwì ti ń yọjú wo ihò kọ́kọ́rọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní ìparí, ère yẹn ló sùn kalẹ̀ pẹ̀lú dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni Orpheus ti yọjú díẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Jígí tí akéwì bẹ́ sí, omi ni. Wọ́n tẹ́ yàrá náà dùbúlẹ̀, kámẹ́rà wà lókè; ọkùnrin náà já sínú adágún, ojú wa sì rí ẹni tó gba inú gíláàsì kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì náà, orí ilẹ̀ ni wọ́n kàn án mọ́. Riveros ń wọ́ lórí ilẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ ara rẹ̀ síwájú. Nígbà tí àwòrán dìde dúró, ó dà bíi pé afẹ́fẹ́ kan ń gbé e mọ́ ògiri, pé ilẹ̀ kò fà á mọ́ra bó ṣe ń fa àwa yòókù. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá níbẹ̀. Pákó, ìṣó àti omi ló ṣiṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà yìnyín. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ju ìṣù yìnyín lu ara wọn, ọ̀kan bá ọmọ kan láyà, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu ọmọ náà. Ẹni tó bá ti ka Les Enfants terribles, ìwé ìtàn àròsọ tí Cocteau tẹ̀ jáde ní 1929, á mọ ibẹ̀. Lórí yìnyín kan náà, akéwì jókòó ń ta káàdì pẹ̀lú obìnrin kan. Ó yọ káàdì lára òkú ọmọ náà láti fi rẹ́ ẹ jẹ. Áńgẹ́lì dúdú kan sọ̀kalẹ̀ wá, ó bo ọmọ náà mọ́lẹ̀, ó gbé e lọ, ó sì gba káàdì náà padà. Akéwì yin ara rẹ̀ níbọn. Àwọn ọlọ́lá tó jókòó sókè nínú yàrá àwọn èèkàn pàtẹ́wọ́.

Féral Benga, oníjó ọmọ Dakar ní Senegal tó gbajúmọ̀ ní Folies Bergère, ló ṣe áńgẹ́lì yẹn. Kò sọ̀rọ̀ kankan, síbẹ̀ òun ni ènìyàn ń rántí jù nínú apá náà. Àwọn tó sì ń pàtẹ́wọ́ yẹn? Noailles àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ikú ẹni tó pa ara rẹ̀ ni, wọ́n ní kí Cocteau yọ àwọn kúrò, ó sì fi Barbette, ọkùnrin eléré orí okùn tó máa ń múra bí obìnrin, rọ́pò wọn. Orin tí Georges Auric kọ fún fíìmù náà gan-an kò bọ́: Cocteau dà á rú, ó gbé orin ibì kan lọ síbòmíràn, kí orin àti àwòrán má bàa máa sọ nǹkan kan náà.

Ikú tó ń wọ ọkọ̀ Rolls-Royce

Orphée ni wọ́n kà sí ọ̀gá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn Gíríìsì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n Párís lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni. Jean Marais, olólùfẹ́ Cocteau láti 1937, ló ṣe Orphée, akéwì tó ti lókìkí tán, tó sì ti sú àwọn ọ̀dọ́. Ní ilé kafé àwọn akéwì, ìjà bẹ́, àwọn alálùpùpù méjì gbá ọ̀dọ́ akéwì kan tó ń jẹ́ Cégeste. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ní kí Orphée wọ ọkọ̀ òun gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ikú ni obìnrin náà, ìyẹn Ikú ti Orphée fúnra rẹ̀. María Casares ló ṣe é, ọmọ olórí ìjọba Sípéènì tẹ́lẹ̀ tí ogun lé kúrò nílùú, kò sì sí ẹni tí ìgbéraga àti ìyà yẹ lójú báyẹn.

Ohun tó mú fíìmù yìí yàtọ̀ sí gbogbo Orpheus tó ṣáájú rẹ̀ nìyí: Ikú nífẹ̀ẹ́ akéwì, akéwì sì nífẹ̀ẹ́ Ikú. Ó ń wá sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ lóru láti wò ó bó ṣe ń sùn. Eurydice tó lóyún wà nílé, ọkọ rẹ̀ sì wà nínú gáréèjì, ó jókòó sínú ọkọ̀ Ikú, ó ń gbọ́ rédíò tó ń ka nọ́ńbà àti gbólóhùn tí kò lórí tí kò nídìí, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí ewì. Nígbà tí àwọn alálùpùpù gbá Eurydice tó wà lórí kẹ̀kẹ́, kò tètè gbọ́.

Gbogbo Faransé ló mọ rédíò yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú, láti Lọ́ńdọ̀nù ni BBC ti ń ka irú gbólóhùn àdììtú bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ń jà ní ìkọ̀kọ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín ayé àti ọ̀run nínú fíìmù náà, ahoro gidi ni: ilé-ìwé ológun Saint-Cyr tí bọ́ǹbù ti fọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n ń dá lọ́hùn-ún, nínú yàrá tó ti gbó, níwájú àwọn ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé, Cocteau mọ irú rẹ̀. Ní 1942, ó kọ ọ̀rọ̀ ìyìn fún Arno Breker, oníṣẹ́ ère tí ìjọba Hitler fẹ́ràn. Lẹ́yìn ogun, ìgbìmọ̀ pè é wá jẹ́jọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Kò sọ èyí nínú fíìmù rẹ̀. Ó kàn gbé kóòtù kalẹ̀ ní ọ̀run, ó sì ní kí Ikú fúnra rẹ̀ dúró níbẹ̀ kó buwọ́ lùwé pé òun nífẹ̀ẹ́ ènìyàn.

Ọgbọ́n ọwọ́ náà ti dàgbà sí i. Nígbà tí Orphée bá na ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ sí jígí, ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Agbada mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ni wọ́n lò: ó ń dán bí jígí, kì í sì í jẹ́ kí a rí apá tó ti rì. Ìbọ̀wọ́ tó ń fò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìgbà tí wọ́n ń bọ́ ọ ni wọ́n yà, tí wọ́n wá yí fíìmù sẹ́yìn. Jígí tó fọ́ tó tún so pọ̀, bákan náà ni. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Orphée mú Eurydice padà sílé, èèwọ̀ ìbojúwẹ̀yìn wá di ọ̀rọ̀ àwàdà inú ilé: Eurydice ń sá sábẹ́ tábìlì kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí i. Àṣírí tú nínú ọkọ̀, nínú jígí kékeré tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Cocteau kò lè rí ibi tó bá ìtàn yẹn mu ju ibẹ̀ lọ.

Ní ìparí, Ikú àti Heurtebise da àkókò padà sẹ́yìn kí akéwì lè padà sílé sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ láìrántí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ló jìyà rẹ̀. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn àwọn alárìíwísí àgbáyé ní Venice ní 1950.

Ọdún 1959

Ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, ní oṣù karùn-ún 1959, ẹ̀bùn méjì bọ́ sọ́wọ́ ará Faransé méjì. Marcel Camus gba Palme d'Or fún Orfeu Negro, fíìmù tó gbé Orpheus lọ sí Rio de Janeiro lásìkò Kanifáálì. Ó fà á yọ láti inú eré Vinicius de Moraes tí wọ́n ṣe ní Rio ní 1956, pẹ̀lú àwọn òṣèré láti ẹgbẹ́ Teatro Experimental do Negro tí Abdias do Nascimento dá sílẹ̀. Nascimento yìí kan náà ló wá kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ ará Bràsíl kò gba ti Camus, wọ́n ní ó sọ òṣì orí òkè di ijó àti ẹ̀rín. Síbẹ̀ ibì kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé gbàgbé. Orfeu lọ sí ilé ìbọ, níbi tí wọ́n ti ń lùlù tí ẹ̀mí ń gun ènìyàn, ó sì gbọ́ ohùn Eurydice lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá arúgbó kan: ẹlẹ́gùn-ún ni. Cocteau fi mẹ́kúrì àti pákó kan ọ̀nà ọ̀run rẹ̀. Camus bá ọ̀nà kan nílẹ̀ ní Rio tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń gbà tipẹ́tipẹ́.

Ẹnì kejì ni François Truffaut, tó gba ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù fún Les Quatre Cents Coups. Owó wọlé fún un nídìí fíìmù náà, ó sì fi lára rẹ̀ ran àgbàlagbà kan lọ́wọ́ tí kò rí ẹni sanwó fíìmù rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Akéwì fúnra rẹ̀

Cocteau ti pé ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó ń ṣe Le Testament d'Orphée. Kò wá òṣèré tó máa dúró fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn kiri nínú rẹ̀, nínú kòtò òkúta Les Baux-de-Provence, nínú ilé Santo-Sospir tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán sára ògiri rẹ̀. Cégeste inú Orphée jáde láti inú òkun, ẹsẹ̀ ló fi ṣáájú, ó sì fún un ní òdòdó kan. Édouard Dermit, ẹni tó gbà ṣe ọmọ, ló ṣe Cégeste nínú fíìmù méjèèjì. Akéwì fẹ́ ya òdòdó náà. Ojú ara rẹ̀ ló ń jáde lórí aṣọ àwòrán ní gbogbo ìgbà. Ó bínú, ó fà á ya, ó tún to ewé rẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé, nípa ọgbọ́n fíìmù tí wọ́n yí sẹ́yìn.

Wọ́n tún gbé e lọ sí kóòtù. Ikú àti Heurtebise ti di adájọ́ báyìí, Casares àti François Périer kan náà tó ṣe wọ́n nínú Orphée. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀: pé ó jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀, àti pé gbogbo ìgbà ló ń fẹ́ wọ ayé tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n dájọ́ fún un pé kó máa wà láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn ni òrìṣà Minerva fi ọ̀kọ̀ gún un láti ẹ̀yìn. Picasso dúró lókè, ó ń wò ó. Dúdú àti funfun ni fíìmù náà, àfi níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti òdòdó ti pọ́n fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sunkún, ó sì dìde pẹ̀lú ojú tí wọ́n yà sórí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń lọ bí afọ́jú. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oedipus, tí Marais ṣe, kò rí i. Èyí dùn mí, bí òǹkọ̀wé orí yìí bá lè yọjú lẹ́ẹ̀kan: ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá àwọn akọni Gíríìsì kiri pàdé ọ̀kan, kò sì mọ̀.

Fíìmù náà ní àléébù. Ó gùn níbi tí kò yẹ, ọ̀rẹ́ Cocteau tó yọjú síbẹ̀ pọ̀ jù, ìgbà mìíràn sì wà tó dà bíi pé ara rẹ̀ nìkan ló ń bá ṣeré. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó jáde, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá 1963, Cocteau kú ní Milly-la-Forêt.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wo ibi tí Orphée ti kọ́kọ́ gba inú jígí kọjá, lẹ́ẹ̀mejì láìpa ohùn, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí ohùn. Ẹ kọ gbogbo ibi tí àwòrán ti gé sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ mẹ́kúrì, èyí tó jẹ́ fíìmù tí wọ́n yí sẹ́yìn, àti ohun tó fi hàn yín bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta mẹ́ta ya ìran ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú fóònù, níbi tí ẹnì kan ti wọ ibi tí ènìyàn kò lè wọ̀, láìlo kọ̀ǹpútà láti tún àwòrán náà ṣe.